Lórí Ọkọ̀ Plymouth Tí Wọ́n Sin Ní Tulsa: Kòtò Ni Ó Jẹ̀bi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo kọ ìwé yìí láti fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé yín kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí ó ti sọ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn ará Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, rì mọ́lẹ̀ ní ọdún 1957 fún àwọn ọmọ ọmọ wọn ti fi hàn pé kò sí irin tí ó lè lo àádọ́ta ọdún nínú ilẹ̀ kí ó má jẹrà, àti pé ẹni tí ó bá dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò kò ronú jinlẹ̀. Lẹ́tà náà dùn ún kà, n kò sì ní purọ́ pé n kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ méjèèjì ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irin kan wà nínú kòtò Tulsa yẹn kan náà tí ó lo àádọ́ta ọdún náà pé pérépéré, tí ohun inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. N ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn ará Tulsa sì ronú, wọ́n tilẹ̀ ronú gan-an. Ọ̀tá tí kò wá ni wọ́n fi gbogbo ìrònú wọn dè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ìtàn náà bí ó ti rí, nítorí pé lẹ́tà náà fo ibi púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1907 ni Oklahoma di ìpínlẹ̀, nítorí náà ọdún 1957 ni ó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Tulsa nígbà náà ń pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú epo rọ̀bì gbogbo àgbáyé. Owó epo ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé gogoro inú rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu pé nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún náà ń wá ohun tí yóò dúró fún ayé wọn, ohun tí ń mu epo ni wọ́n mú. Ọkọ̀ Plymouth Belvedere tuntun kan, aláwọ̀ wúrà àti funfun, ni wọ́n yàn. Virgil Exner ni ó ṣe olórí àwọn tí ń ya àwòrán ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ Chrysler tí ń ṣe Plymouth, òun ni ó sì fi irin gígùn méjì tí ó dà bí lẹbẹ ẹja sí ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ ọdún náà, tí iléeṣẹ́ náà fi ń polówó pé ọdún 1960 ti dé lójijì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1957, wọ́n sọ ọkọ̀ yìí kalẹ̀ sínú kòtò kan lórí pápá iwájú ilé ẹjọ́ ìlú náà, wọ́n dé e pa, wọ́n sì dá ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2007 fún ṣíṣí rẹ̀. Kí ayẹyẹ náà lè ládùn, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kọ iye tí wọ́n rò pé ará Tulsa yóò jẹ́ ní ọdún 2007 sílẹ̀. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá súnmọ́ òótọ́ jù lọ, tàbí àwọn ajogún rẹ̀, ni yóò gba ọkọ̀ náà.

Ohun tí wọ́n dì sínú ọkọ̀ yìí ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Wọ́n kó epo bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, nítorí pé wọ́n rò pé epo lè ti di àwátì ní ọdún 2007, kí ẹni tí ó bá gba ọkọ̀ náà má baà jókòó sínú rẹ̀ láìní ohun tí yóò fi wà á. Wọ́n gbé páálí ọtí bíà kan sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ohun tí a sábà máa ń bá nínú báàgì obìnrin sínú àpótí kékeré tí ó wà níwájú ìjókòó: ìkunètè, píìnì irun, ṣingọ́ọ̀mù, sìgá pẹ̀lú ìṣáná, ìgò oògùn ìfọkànbalẹ̀, dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 73, àti ìwé ìtanràn kan tí wọ́n fún ẹni tí ó gbọ́kọ̀ síbi tí kò yẹ, tí a kò tíì san. Ẹni tí ó ro ti ìwé ìtanràn yẹn mọ ohun tí ọmọ ọmọ máa ń fẹ́ mọ̀ nípa àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà àti àwọn olórí ìlú yóò wà nínú ìwé ìtàn láìsí wàhálà. Gbèsè kékeré tí ẹnì kan kò tíì rójú san ní oṣù Kẹfà ọdún 1957, kò sí òpìtàn tí í kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà n kò lè fara mọ́ ọn nígbà tí òǹkàwé yín pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní aláìnírònú.

Nígbà tí wọ́n ká ìdérí kòtò náà kúrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, omi ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n fi pọ́ǹpù fà á, wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ọdún 1957, wọ́n sì gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan nínú ìlú, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń dúró dè é. Wọ́n ti pe Boyd Coddington, gbajúmọ̀ tí ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, pé kí ó wá gbìyànjú láti tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀rá náà, gbogbo ènìyàn rí i pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tàn níbẹ̀. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ náà láti òrùlé dé táyà. Àga inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ohun inú báàgì yẹn, èyí tí mo rò pé ó níye lórí jù, ti lẹ̀ mọ́ra wọn di nǹkan kan ṣoṣo, tí ojú kò tètè lè mọ èyí tí í ṣe ìkunètè yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ìwé.

Ibi tí lẹ́tà òǹkàwé yín dúró sí nìyẹn, bí ẹni pé irin kàn ń jẹ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tí ó fà á. Kò béèrè bí omi ṣe wọlé. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì ni dídènà omi nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ìbéèrè yìí sì ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo rí fọ́tò kòtò náà.

Ọdún 1957 jẹ́ ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet Union ń fi bọ́ǹbù átọ́míìkì dẹ́rù ba ara wọn, tí àwọn ènìyàn sì ń gbẹ́ yàrá ìsádi sí abẹ́ ilé wọn. Àwọn tí ó ṣe kòtò Tulsa náà fi ń yangàn pé bọ́ǹbù kò lè ràn án. Kọnkéré ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, irú èyí tí a máa ń fi ẹ̀rọ fọ́n mọ́ irin, wọ́n sì rò pé níwọ̀n bí ó ti nípọn tó, ó parí. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Bọ́ǹbù kankan kò bọ́ sí Tulsa. Inú ilẹ̀ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún pé kí ó bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni ohun tí ó pa á ti wá.

Kí kọnkéré nípọn àti kí ó má gba omi sára, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ilé ni wọ́n sì sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Omi tí a fi po sìmẹ́ńtì máa ń fi àwọn ihò tíntìntín sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Kọnkéré a tún máa súnkì bí ó bá ti ń le, ó sì máa ń sán ní àwọn ibi tí ojú kò tètè rí. Ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀pẹ́lẹ́, àti ibi tí ìdérí ti jókòó lé ògiri, ni kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń da wọ́n, wọn kì í sì í di ọ̀kan láéláé. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ àyíká bá kún, omi inú ilẹ̀ náà yóò máa ti ògiri láti ìta tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun nínú kòtò tí yóò tì í padà. Ẹni tí ó bá ṣe ihò òfìfo sínú ilẹ̀ láìpèsè ọ̀nà tí omi yóò gbà ṣàn lọ, kànga ni ó gbẹ́, ohun yòówù kí ó pè é. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ tèmi, n ó fi ọ̀dà dúdú bo ìta ògiri náà ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta kí a tó da iyẹ̀pẹ̀ padà, n ó kó òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká, n ó sì ri páìpù oníhò sínú òkúta náà tí yóò máa gbé omi lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù ú lọ. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣírí nínú gbogbo èyí ní ọdún 1957. Àwọn tí ń kọ́ yàrá abẹ́ ilé ti ń ṣe é tipẹ́. Èyí tí ó tún burú ni pé ògiri tí ó nípọn bẹ́ẹ̀, bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ tán, kì í jẹ́ kí ó tètè jáde.

Ní ti ìpẹtà fúnra rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá pàdé lára irin. Irin tí ó wà nísàlẹ̀ omi adágún pátápátá máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ́síjìn kò pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí omi ti ń ga tí ó tún ń fà ni ìparun wà: bí ó bá ga, ó rẹ irin, bí ó bá fà, afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin yóò gba ipò rẹ̀, ìpẹtà yóò sì rí àwọn ohun méjèèjì tí ó ń wá. Àmì tí wọ́n rí nínú kòtò náà fi hàn pé omi ti kún rẹ́rẹ́ níbẹ̀ nígbà kan rí, ju bí wọ́n ti bá a ní ọdún 2007 lọ. Ó ti ga, ó ti fà. Irin tí a fi ṣe ara ọkọ̀ kò sì nípọn ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Ìpẹtà máa ń wú ju irin tí ó jẹ lọ, ó ń ṣí ní ìpele ìpele, bí ìpele kan bá sì ti bọ́ ni irin tútù mìíràn yóò yọjú fún omi láti jẹ. Ọ̀rá tí wọ́n wé mọ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìfẹ́ ni ó wá gba omi mọ́ ọn lára. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ nínú, pé àwọn ọkọ̀ Chrysler ọdún 1957 lókìkí nípa ìpẹtà. Wọ́n kánjú gbé wọn jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò wọ inú ilẹ̀ rí ni kò sì pẹ́ tí ìdí wọn fi jẹ.

Irin kejì tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni àpótí kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nínú kòtò kan náà. Irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì dí i pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọ ọ́. Omi tí ó rẹ ọkọ̀ náà ni ó rẹ òun náà, fún iye ọdún kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, àwọn ìwé inú rẹ̀ ṣeé kà, àsíá Amẹ́ríkà tí wọ́n ká sí i sì wà bí wọ́n ti ká a, àsíá oníràwọ̀ 48, nítorí pé ọdún 1959 ni Alaska àti Hawaii ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀. Kí òǹkàwé yín ro èyí wò dáadáa. Irin ni ọkọ̀, irin ni àpótí. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé ẹnì kan ti jókòó ro bí omi yóò ṣe gbìyànjú láti wọ inú àpótí, ó sì dí ojú ọ̀nà rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rá nìkan ni wọ́n fi dí ti ọkọ̀.

Bí ó bá sì rò pé àádọ́ta ọdún pọ̀, kí ó lọ sí Oklahoma City, nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1913, àwọn obìnrin ìjọ Lutheran kan tí wọ́n ń wá owó ra dùùrù tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn kó ẹrù jọ sínú àpótí bàbà ńlá kan, wọ́n sì rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀pẹ́lẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n da kọnkéré bò ó, wọ́n ní kí a ṣí i ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Aṣọ obìnrin wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè wọ̀, ohùn ènìyàn wà lórí ohun ìgbohùnsílẹ̀ ayé ìgbà náà, kámẹ́rà Kodak wà níbẹ̀, àti kálàmù tí Ààrẹ McKinley fi fọwọ́ sí òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Àwọn obìnrin yìí kò sọ ohunkóhun nípa bọ́ǹbù. Ohun tí wọ́n ní ni òrùlé: òjò kò rọ̀ sórí àpótí wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé ilé wà lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà nínú ilé náà tí wọn ì bá rí i bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ilẹ̀pẹ́lẹ́. Tulsa gbé tirẹ̀ sábẹ́ koríko.

Ọ̀rọ̀ rírí yìí gan-an ni ó ká mi lára jù. Ìlérí tí wọ́n ṣe lórí kòtò Tulsa ni pé ojú kankan kò ní bọ́ sínú rẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi pé, gbogbo ènìyàn sì ka ìlérí náà sí ohun ọ̀wọ̀. Èmi kò rí ọ̀wọ̀ kankan nínú kí a fi ohun tí a fẹ́ràn sílẹ̀ fún àádọ́ta ọdún láìbojú wò ó. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ojú ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò, tí a dé lórí, ì bá ti tó. Kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ìlú máa sọ okùn olójé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó fà á jáde, kí ó sì wò ó bóyá ìdí okùn náà tutù. Ìyẹn kò ba àṣírí kankan jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ọkọ̀ náà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí okùn náà bá tutù ní ọdún kejì tàbí ọdún karùn-ún, wọn ì bá fa omi náà, wọn ì bá dí ibi tí ó ń gbà, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé àwọn àpótí ìpamọ́ kan wà tí a kò lè máa bẹ̀ wò. Ó tọ̀nà. Èyí tí iléeṣẹ́ Westinghouse sọ̀ sínú ilẹ̀ New York ní ọdún 1938, fún àfihàn àgbáyé ti ọdún 1939, ni wọ́n ní kí a má ṣí títí di ọdún 6939, nǹkan bí mítà 15 sì ni ó fi jìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é: àdàlù bàbà tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi rọ ìta rẹ̀, dígí wà nínú rẹ̀ tí ó gba àwọn ẹrù náà, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ náítírójìn rọ́pò ọ́síjìn nínú dígí náà kí ohunkóhun má baà rí ohun tí yóò fi jẹrà. Ẹni tí kò ní padà wá gbọ́dọ̀ ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Kò sì ṣeé ṣe fún odindi ọkọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ pamọ́ gbọ́dọ̀ gbà láti máa padà wá.

Òǹkàwé yín parí lẹ́tà rẹ̀ pé àkìtàn ni ó yẹ kí ọkọ̀ náà ti parí sí. Lódì kejì, mo ti gbọ́ kí àwọn mìíràn máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, pé ìpẹtà ni ó sọ ọkọ̀ náà di olókìkí, pé bí ó bá jáde ní dídán ni, gbogbo ayé ì bá ti gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọkọ̀ náà ní ẹni tí ó ni ín. Ọkùnrin kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1957 pé ará Tulsa yóò jẹ́ 384,743. Iye tí ìlú náà lò ní ọdún 2007 ni 382,457, kò sì sí ẹni tí ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ti kú láti ọdún 1979. Àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, àwọn ìyá àgbà, ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí kò lè rìn lé lọ́wọ́. N kò rí ẹwà kankan tí iná náà bù sí i fún wọn.

Síbẹ̀ wọn kò jù ú nù, wọ́n sì ṣe dáadáa. Wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ kan ní New Jersey tí ń ta oògùn ìfọ̀pẹtà, níbi tí ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ń rọra wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀dà wúrà àti funfun náà ṣì wà lábẹ́ ẹrẹ̀ ní ibi púpọ̀, àwọn irin dídán kan sì tún dán. Ìsàlẹ̀ ni kò ṣeé wò. Àwọn sípíríìngì ti jẹ títí wọn kò fi lè gbé ẹrù mọ́, sáṣíìsì sì ti di ẹlẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbígbé ọkọ̀ náà láti ibì kan sí ibòmíràn fi jẹ́ ewu. Ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ yóò mọ ìdí rẹ̀: àwọn irin tí ẹrù ń tẹ̀ nígbà gbogbo ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́, wọ́n sì gbé ọkọ̀ yìí dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, dípò kí wọ́n fi igi tàbí òkúta gbé ikùn rẹ̀ sókè. Ní ọdún 2017 ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ kan ní Roscoe, ní ìpínlẹ̀ Illinois, bí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, láìkùn ún lọ́dà tuntun. Èyí dára lójú mi. Ọkọ̀ Belvedere tí a tún kùn pọ̀ níta fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Ohun tí n bá fẹ́ kí òǹkàwé yín fi agbára kíkọ̀wé rẹ̀ lé ni ọkọ̀ kejì, nítorí pé ó wà. Ní ọdún 1998 tí Tulsa pé ọgọ́rùn-ún ọdún gẹ́gẹ́ bí ìlú, wọ́n tún gbé Plymouth mìíràn pamọ́, irú tí wọ́n ń pè ní Prowler, wọ́n sì ní kí a ṣí i ní ọdún 2048. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sí nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan, wọn kò gbẹ́ kòtò. Alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara Prowler, èyí tí kì í dípẹtà bí irin. Iléeṣẹ́ Chrysler ti pa orúkọ Plymouth tì láti ọdún 2001, nítorí náà kò ní sí ibi tí wọn yóò ti rí ohun èlò tuntun rà fún un ní ọdún 2048. Ìlú náà ti ṣe ohun méjì tí ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ilé tí a dí pa lórí ilẹ̀ náà ń gba ooru lọ́sàn-án, ó ń tutù lóru, ìrì sì máa ń sẹ̀ sára ohun tútù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé omi kan jò wọlé; rọ́bà ń sán, wáyà ń jẹ, bíréèkì ń lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ń díwọ̀n ọ̀rinrin inú ilé kò wọ́n, a sì lè ka iye tí ó ń fi hàn láti ìta láìfọwọ́ kan ọkọ̀ náà rárá. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín bá ń gbé ní Tulsa tàbí tí ó ní ará níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi bi àwọn aláṣẹ ìlú náà bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé Prowler, àti ẹni tí wọ́n yàn láti máa kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, oníṣẹ́ ilé tí ó ti fẹ̀yìn tì